IGI ẸNU GÉÈTÌ N'ÍWÓ: PÁÌNÌ KỌ́ NI O!

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ igi rí.

Ẹni tó bá wọ Ìwó, ìlú odídẹrẹ́, tó kọjá ọjà Odò-Orí, tó wá yà síbi táwọn ilé tuntun wà, kò ní í pẹ́ rí igi kan tó dúró ṣánṣán lẹ́nu géètì, tí ewé rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ bí aṣọ eégún. Igi máskárédì ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn á ní páìnì ni. Ẹ̀yin ìyá wa, páìnì kọ́ o!

Monoon longifolium làwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Polyalthia longifolia ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà àti Sri Lanka ló ti wá. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn: ọmọ ìyá èèrù ni! Èèrù tí ẹ̀ ń tà lọ́jà, tá a fi ń se àgbo, Xylopia aethiopica, ìdílé kan náà ni wọ́n.

Èkejì ni igi tí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ rẹ̀ rí bí irun, tó ń súfèé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, tí wọ́n sábà ń gbìn sí ọgbà ilé ìwé. Páìnì làwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é. Òun náà kọ́. Casuarina equisetifolia lorúkọ rẹ̀. Ẹ fa ẹ̀ka wẹ́wẹ́ rẹ̀ wò, oríkèé-oríkèé ni yóò máa já bí ìrèké. Àmọ́ iná rẹ̀ mú, igi ìdáná gidi ni.

Ojúlówó páìnì kì í tanná. Inú ohun líle kan tó rí bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó kékeré lirúgbìn rẹ̀ ń wà. Ewé rẹ̀ ò ní oríkèé. Ìdí wọn ló so pọ̀, mẹ́ta-mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà lára Pinus caribaea tó wá láti ìhà Cuba. Oje páìnì ni wọ́n fi ń ṣe tapẹntáìnì táwọn akunlé fi ń po ọ̀dà.

Kí ló wá kan ọlọ́jà níbẹ̀? Ó kàn án dáadáa! Káfíńtà tó sanwó páìnì, páìnì ló yẹ kó gbé lọ sílé. Ẹlẹ́wé-ọmọ tó bá já ewé nítorí pé orúkọ jọra, májèlé ló lè gbé fọ́mọ ọlọ́mọ. Carl Linnaeus, ará Sweden, ló sọ orúkọ méjì-méjì dàṣà fún ewéko lọ́dún 1753: ti àkọ́kọ́ dà bí orúkọ agbolé, èkejì bí orúkọ àbísọ.

Ẹni tí ò gbọ́ èdè Látìn náà lè bi ẹni tó ń tajà pé: ọmọ agbolé wo nigi yìí? Ká tó ra á, ká tó mu ún.