Gasoil tàbí Essence: Ọkọ̀ Wo Ni Yóò Fa Ẹrù Wa?

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ láti ìdílé mélòó kan ní apá ìlà-oòrùn Tchaourou, níbi tí ilẹ̀ oko ti tẹ́ lọ sí ọ̀nà odò Okpara. Ọdún mẹ́ta ni a fi dá owó jọ, láti orí iṣu, kajú, sóyà àti òrí, kí a lè ra ọkọ̀ bâchée àlòkù kan tí yóò máa fa remorque lẹ́yìn. Ó ju ìdajì owó náà lọ tó ti ọwọ́ àwọn ìyá wa wá. Nígbà tí owó pé, ìbéèrè kan ló kù: ṣé ọkọ̀ tí ń mu gasoil ni kí a rà, àbí èyí tí ń mu essence, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní bẹntiróòlù? Ìpàdé mẹ́ta ni a ṣe lórí rẹ̀, nítorí a mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni agbára wa ká a láti rà.

Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ lágbègbè wa, inú oko ló ti ń ta ọjà rẹ̀, ẹni tó bá sì gbé ọkọ̀ wá bá a níbẹ̀ ni yóò dá iye lé e. Ẹni tó bá lè gbé ẹrù rẹ̀ dé òpópónà ńlá tó ti Cotonou lọ sí Malanville, tàbí dé ọjà Parakou, ó lè dúró kí ó ná ọjà bí ènìyàn. Àwọn bàbá wa ṣì ń rántí ọkọ̀ ojú irin tó gba Tchaourou kọjá, lórí irin tó gùn ní 438 kìlómítà láti Cotonou dé Parakou. Láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti dákẹ́, ojú títì nìkan ló kù fún wa, ọ̀nà erùpẹ̀ ló sì wà láàárín oko wa àti títì.

Ẹjọ́ àwọn tó fẹ́ essence lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ kì í wọ́n púpọ̀ láti rà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ṣòro kí a dé ìletò kan kí a má rí ẹni tó mọ bí a ṣe ń tú carburateur rẹ̀. Peugeot 404, tó kọ́kọ́ jáde ní 1960, àti 504, tó tẹ̀ lé e ní 1968, ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin di mẹkáníìkì ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n òpó tó gbé gbogbo ẹjọ́ náà dúró ni kpayo, epo tí ń ti Nàìjíríà wọlé, tí a ń tà nínú ìgò létí ọ̀nà. Níwọ̀n ìgbà tí kpayo bá ṣì pọ́ọ́kú, gasoil kò lè bá essence du owó.

Àwọn ọ̀dọ́ wa béèrè pé: ta ló mú kí kpayo pọ́ọ́kú? Ìjọba Nàìjíríà ló ń san apá kan nínú owó epo náà fún àwọn ọmọ ìlú tirẹ̀, àwa sì ń jẹ nínú rẹ̀ láti òdìkejì ààlà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Bọ́lá Tinúbú búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan bí 500 náírà ní ilé epo Nàìjíríà. Kpayo gbówó lórí ní ilẹ̀ Benin lójú ẹsẹ̀. Ní ti gasoil, ó ti pẹ́ tí ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ ti kúrò lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ìkéde ọjọ́ yẹn kò bá a bí ó ti bá essence. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá yan ọkọ̀ nítorí kpayo nìkan ti gbé òwò rẹ̀ lé orí òfin ìlú tí kò ní ohùn níbẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ 23, iná ńlá sọ ní ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ jọ sí ní Sèmè-Podji, lẹ́bàá ààlà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 30. Ọ̀rọ̀ yìí wọ àwọn ìyá wa lára, nítorí ẹni tó bá ń ra epo nínú ìgò kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú rẹ̀ sínú ilé. Oru tí ń ti ara essence jáde lè gbaná kódà nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Gasoil ní láti gbóná ju 50 ìwọ̀n Celsius lọ kí oru rẹ̀ tó gbaná.

Síbẹ̀, a kò tíì rí ojútùú. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ló là wá lọ́yẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ ohun tí ọkọ̀ náà yóò máa mu. Ẹ kò tíì sọ ohun tí yóò máa rù.” Ni a bá lọ yá òṣùwọ̀n àwọn tí ń ra kajú, a wọn iṣu àti àpò kajú tí a fẹ́ máa kó lẹ́ẹ̀kan, a sì fi ìwọ̀n remorque fúnra rẹ̀ kún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìpàdé wa ti yí padà, nítorí gbogbo wa wá mọ ohun tí a ń bá ẹ́ńjìnnì sọ.

Rudolf Diesel, ará Jámánì tí a bí ní Paris ní 1858, ló hùmọ̀ ẹ́ńjìnnì gasoil. Ó béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ rẹ̀ ní 1892, ẹ́ńjìnnì náà sì ṣiṣẹ́ dáadáa ní Augsburg ní 1897. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù fún táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì gasoil nìyẹn: a fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi di ìdá kan nínú 16 sí 22 bí ó ti tóbi tẹ́lẹ̀, ooru rẹ̀ a sì mú kí epo tí a fín sí i gbaná láìsí bougie. Ti essence sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú 8 sí 11, bougie ló sì ń ṣáná sí i. Nítorí èyí, ẹ́ńjìnnì gasoil máa ń fi agbára fa ẹrù nígbà tó ṣì ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, irú bí ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ jáde nínú ẹrẹ̀ oṣù kẹjọ pẹ̀lú remorque lẹ́yìn. Lítà kan rẹ̀ sì ní agbára nínú tó fi nǹkan bí 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti essence lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń fi ọkọ̀ fa ilé onítáyà kiri lásìkò ìsinmi ń ṣe àríyànjiyàn yìí kan náà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wúwo tó sì ń gun òkè sábà máa ń yan gasoil. Essence tó ẹni tí tirẹ̀ fúyẹ́, tí kì í sì í rìn ju ìgbà díẹ̀ lọ lọ́dún.

Gasoil ní àléébù tirẹ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi pamọ́ fún òun. Ọkọ̀ rẹ̀ wọ́n láti rà. Omi díẹ̀ tàbí ìdọ̀tí nínú epo lè ba pọ́ǹpù àti injecteur jẹ́, owó àtúnṣe wọn kì í sì í ṣe kékeré. Bí epo bá gbẹ nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú ọ̀pá epo, a ó sì ní láti fà á jáde kí ọkọ̀ tó lè jí. Ẹni tó bá ṣèèṣì da essence sínú rẹ̀ ti ṣe é léṣe. Èéfín rẹ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ohun àmúṣeré: ní 2012, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa àrùn náà. Àwọn ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí sì ń fẹ́ epo tó mọ́ gan-an àti mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, èyí tó ṣọ̀wọ́n ní ìletò wa.

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé níbi tó ti wúwo. Ẹrù wa wúwo, ọ̀nà wa kò dán, a ó sì máa rìn ín ní gbogbo ọ̀sẹ̀ láti ìgbà kajú títí iṣu tuntun yóò fi parí. Gasoil ni a yàn, bâchée àtijọ́ tí pọ́ǹpù rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà, tí mẹkáníìkì wa lè tú kó sì tún un tò. A fi òfin mẹ́rin lé e. Ilé epo nìkan ni a ó ti máa ra epo. Asẹ́ epo yóò máa yí padà lásìkò, a ó sì máa da omi inú rẹ̀ nù. Táǹkì kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ máa dún lásán níbi tí ọmọdé ń ṣeré tàbí tí a ti ń se oúnjẹ.

A kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn ṣe bíi tiwa. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìyàwó ilé tí ń gbé agbọ̀n búrẹ́dì méjì lọ sí ọjà ìtòsí kò nílò gasoil, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ tí ń fi ọkọ̀ kékeré gbé èrò láàárín ìgboro. Bí ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka èyí bá fẹ́ ra ọkọ̀ iṣẹ́, kọ́kọ́ wọn ẹrù rẹ, ka iye ìgbà tí wàá rìn lóṣù, wo ọ̀nà rẹ ní ìgbà òjò, kí o sì bèèrè ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, kun táǹkì dẹ́nu, rìn, tún un kún dẹ́nu, kí o sì kọ iye lítà àti iye kìlómítà sílẹ̀. Bí a ti ń ṣe nìyẹn nínú ìwé kan tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀. Èdè Yorùbá ni ojú ìwé kan, Faransé ni èkejì, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ lè ka ohun tí owó rẹ̀ ń ṣe.