Ìrìn Ẹsẹ̀ Wa Láti Abúlé Òkúta Dé Oníkan

Àwọn tí wọ́n ti dé Berlin, olú-ìlú Jámánì, a máa sọ pé àlejò tí ó bá fẹ́ mọ wàhálà tí ojú ìlú náà rí kò ní ṣe ju pé kí ó fi ẹsẹ̀ rìn ín lọ. A to òkúta ní ìlà méjì sí ojú títì láti fi ibi tí odi ìlú náà dúró sí hàn, odi tí a mọ ní 1961, tí ó sì wó ní 1989. Èkó tiwa náà jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà láti 1914 títí di 12 Oṣù Kejìlá 1991, ìjì tí ó sì jà níbẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ìlà òkúta bẹ́ẹ̀ kò sí fún wa láti tẹ̀ lé. Nítorí náà ni àwa mẹ́fà ṣe pinnu láti fi ẹsẹ̀ ara wa wá ìtàn náà kiri ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ìsinmi.

Kì í ṣe nítorí fàájì nìkan. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró nínú ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, inú àwọn ọdún náà ni púpọ̀ nínú wa sì kàwé. Nísinsìnyí tí ìjọba ti ní kí a dá a padà, àwa tí a kò kọ́ ni yóò kọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tí yóò fún ni ní omi mu, ó yẹ kí ó ti dé odò.

Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni a gbéra ní Abúlé Òkúta, nígbà tí àwọn alákàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé epo kaná. A kò rìn jìnnà tí a fi dé Ìgbóbì. Ilé ìwòsàn egungun tí ó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀kan nínú wa bèèrè pé, nígbà tí ogun náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ta ni ó bi ọmọ Áfíríkà léèrè bí òun yóò bá jà? Òmíràn dáhùn pé, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí kò fi wá sílẹ̀ mọ́ títí a fi parí ìrìn wa.

Ọ̀nà Ìkòròdú kò jìnnà sí ibẹ̀. Ní 12 Oṣù Kẹfà 1993 àwọn ará Nàìjíríà dìbò yan olórí orílẹ̀-èdè. Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ni ó ń borí nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida fagi lé ìdìbò náà. Nínú Oṣù Keje ọdún náà àwọn ará Èkó jáde, wọ́n dáná sí ojú títì, wọ́n sì dí ọ̀nà. Ìbọn sójà sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. A dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀, a ń wo àwọn dánfó tí ń sáré kọjá lábẹ́ wa. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí ó lè sọ fún ọmọdé pé ènìyàn kú nítorí ìbò rẹ̀.

A gba Jíbówú lọ sí Yábà. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ wọ Èkó ní 1924. Òun ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, ìgbìmọ̀ náà ni ó sì la àwọn òpópó Yábà. Ibẹ̀ ni a ti ṣí Yaba Higher College ní 1934, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò ní iyì ti yunifásítì, èyí sì bí àwọn ọ̀mọ̀wé nínú. Ní ọdún náà gan-an ni Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akínsànyà àti H. O. Davies dá Lagos Youth Movement sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó bí ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ní Èbúté Mẹ́tta a kọjá lẹ́bàá ọgbà rélùwéè. Nígbà ogun, iye owó ọjà ga, owó oṣù kò sì gòkè tó o. Ní Oṣù Kẹfà 1945 àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọjọ́. Michael Imoudu, tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó ní 1943, sì tún wà láàárín wọn.

Nígbà tí a gun afárá Carter, tí a kọ́kọ́ ṣe ní 1901, a kọjú sí apá Àpápá. Ìjọba gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa níbẹ̀. Olóyè náà, Àmọ́dù Tìjání, pe ẹjọ́ títí dé Privy Council ní London. Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ lọ́wọ́. Ní 1921 a dá Olúwa láre. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá àṣẹ yìí wà lára ohun tí ó ba àárín ìjọba àti Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ jẹ́. Owó omi ẹ̀rọ, tí àwọn ará ìlú ti ń kọ̀ láti 1908, tilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1925 wọ́n lé ọba lọ sí Ọ̀yọ́. Ní 1931, lẹ́yìn ẹjọ́ mìíràn, ó padà sí Èkó. A dúró níwájú Ìgá Ìdúnganran, a ṣí fìlà.

Ní agbègbè ọjà a ń sọ̀rọ̀ Alímọ̀tù Pẹ̀léwúrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Èrékò, olórí àwọn obìnrin ọjà. Ní 1940 ìjọba fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ. Àwọn obìnrin tú jáde, ìjọba sì gbé e sókè dé £200. Ìyá kan tí ń ta aṣọ bi wá pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ẹ ń wá?” A dáhùn pé, “Ìyá, ìtàn ìlú ni à ń wá.” Ó ní, “Ó dára. Ẹ wá a lọ́wọ́ òsì, kí àwọn tí ń bọ̀ wá ra aṣọ lè rí mi.” A rẹ́rìn-ín, a sì yẹra.

Oòrùn ti mú nígbà tí a dé pápá ìsáré ẹṣin àtijọ́, tí a ń pè ní Tafawa Balewa Square. Níbẹ̀ ni a ti sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀, tí a sì ta tiwa, nígbà tí òmìnira dé ní 1 Oṣù Kẹwàá 1960. Kò pé ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 15 Oṣù Kìíní 1966, tí àwọn sójà fi mú Balewa nínú ilé rẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì pa á. Ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan ni a tọ́jú ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní 13 Oṣù Kejì 1976, pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi ìbọn gba ìjọba kò bi ìlú léèrè. Àwọn tí wọ́n fi ìbọn lé wọn kò bi ìlú pẹ̀lú.

Ohun tí a rí kọ́ nìyí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fá orí Olúwa, ti Ẹlẹ́kọ̀, ti àwọn obìnrin ọjà lẹ́yìn wọn, wọ́n fọhùn, wọ́n pe ẹjọ́, wọ́n sì rí ìdáhùn gbà. Ọmọ tí kò bá gbọ́ èyí lè rò pé ìbọn nìkan ni ó ń yí ìlú padà. Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ibikíbi tí a bá rán yín lọ, kí ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì yín jáde, kí ẹ sì bi wọ́n níbi gbogbo pé, “Ta ni a kò bi léèrè níhìn-ín, kí ni ó sì ṣe?” Bí àwọn olùtọ́jú ìwé ìròyìn yìí bá fọwọ́ sí i, a ó láyọ̀ láti ka ìrìn ẹsẹ̀ ti ìlú tiyín nínú èyí tí ń bọ̀.