Ẹ̀rí Mi Nípa Irin Eléyín

Ọmọ káfíńtà ni mí. Mo jẹ́wọ́ pé ó pẹ́ kí ọkàn mi tó balẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí èmi fúnra mi ń bá wọn gbé sókè ní Florida. Ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ bàbá mi, igi máa ń gun ara wọn ni. A ó fi ìṣó oní-ínṣì 4 kàn wọ́n pọ̀, a ó sì tẹ ẹnu ìṣó tó bá yọ lódìkejì. Níbí, ẹnu igi ni wọ́n ń fi ko ẹnu igi. Irin pẹlẹbẹ eléyín, tí eyín ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1, ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ ojú méjèèjì oríkèé náà. Calvin Jureit, ẹnjiníà ní Florida yìí kan náà, ló gbé èyí tí kò nílò ìṣó rárá jáde ní 1955.

Oríkèé kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà ya lójú mi ló yí mi lọ́kàn padà. Igi ló fàya. Eyín irin kò kúrò níbi tó wà. Ìṣó ńlá máa ń kó gbogbo ìnira sójú kan, ó sì lè la igi. Ọ̀pọ̀ eyín wẹ́wẹ́ a máa pín in gbé.

Àmọ́ bí igi bá tutù nígbà tí wọ́n tẹ irin mọ́ ọn, yóò súnkì bó bá ń gbẹ, eyín á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bí kókó igi bá wà lábẹ́ irin, kò ní dì í mú bó ṣe yẹ. Irin tó bá ti ṣí, ẹ má fi òòlù gbá a padà: ihò eyín náà ti gbò.

Iná ló ń já mi láyà jù. Irin á gbé ooru wọnú igi, igi tó yí eyín ká á di èédú, irin á já bọ́, òrùlé á sì wó láìkìlọ̀. Ní 2005, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ààbò òṣìṣẹ́, kọ ìkìlọ̀ fáwọn panápaná nípa irú òrùlé báyìí. Mo kà á, mo sunkún. Àwọn tó ń sáré wọlé láti yọ ọmọ ọlọ́mọ kì í lè rí ohun tó wà lókè orí wọn.

Nítorí náà, n kì í fẹ́ kí ohunkóhun tún dín agbára òrùlé kù: bí ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù sílé bá fẹ́ gé igi inú rẹ̀, mo máa ń dá a dúró, ìbáà ṣe ọ̀gá mi. Bí wọ́n bá sì ti gé e, mo ń kọ̀ láti bò ó mọ́lẹ̀ títí ẹnjiníà yóò fi ya àtúnṣe rẹ̀ sórí ìwé: bí páìwúùdù yóò ṣe tóbi tó lójú méjèèjì, àti iye ìṣó tí a ó kàn sí i.