Láti Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde: Pijó Bàbá Wa àti Bẹ́ńsì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọkọ̀ méjì ni ó dúró sí iwájú ilé wa ní Ìbàdàn. Ìkíní ni Peugeot 504 tí bàbá wa fi sáyé lọ. Ìkejì ni Mercedes E-Class tí ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, tí ó sì ń ká sẹ́yìn láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Ojúde Ọba ni à ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé bí a bá ti dé, àwọn yóò ta Pijó náà.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn Bẹ́ńsì fún ìyá wa. Ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀ púpọ̀. Ìyá wa wò ó, wọ́n ní, “Orúnkún mi kò lè gba ìyẹn dé Ìjẹ̀bú. Ẹ jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ bàbá yín.” Àwọn ọmọ àti ẹrù tẹ̀ lé wọn, nítorí pé bí òrùlé Bẹ́ńsì bá ti ká sínú búùtù, àyè ẹrù kò pọ̀ mọ́.

A kọjá Ìdí-Ayùnrẹ́, a kan ibi tí ọ̀dà ti ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi sáré pa òrùlé dé nítorí eruku. Ikùn ọkọ̀ wọn sún mọ́ ilẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń wà á bí ẹni tí ó ru ẹyin. Ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná nígbà náà. Ó ga nílẹ̀, ó sì ń gba kòtò mọ́ra. Òótọ́ ni pé ooru mú wa, gèlè ìyá wa sì ń kan òrùlé.

Nígbà tí a wọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ọkọ̀ kò lè sáré mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ká òrùlé sẹ́yìn. A di ìyá wa lọ́wọ́ mú, wọ́n rọra jókòó sínú Bẹ́ńsì. Gèlè wọn dúró ṣánṣán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí wọn lókèèrè, wọ́n ń fi oríkì pè wọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn, láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, inú Pijó ni wọ́n tún padà sí. Ẹ̀gbọ́n mi kò dárúkọ títà mọ́. Ohun tí wọ́n bi mí ni iye tí wọ́n ń ta ṣọ́kù tuntun.