Ẹ̀bùn Orí, Ẹ̀bùn Owó

Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe ohun tí Orí gbé wá látọ̀run àti owó tí èèyàn fi tọrẹ: ẹ̀bùn ni. Ọmọ àbúrò mi ní ohùn ìyẹ̀rẹ̀ Ifá; látọ̀run ló ti yàn án. Ṣùgbọ́n ohùn kì í san owó ọkọ̀ lọ sílé olúwo.

Ẹ wo Alfred Nobel, ará Sweden. Lọ́dún 1895, ó kọ ìwé ìhágún pé kí wọ́n fi owó òun ṣòwò, kí wọ́n máa fi èrè rẹ̀ ta àwọn tó ṣe aráyé lóore lọ́rẹ. Ó kú lọ́dún 1896. Lẹ́yìn 90 ọdún, ẹ̀bùn náà kan Wọlé Ṣóyínká wa, ẹni tí orúkọ Ògún kì í wọ́n nínú ìwé ẹ̀. Ká ní wọ́n ti pín ojú owó yẹn jẹ ńkọ́?

Oko kòkó bàbá wa wà ńlẹ̀. Àwọn kan ní ká tà á, ká pín in. Èmi ní ká má tà á. Ká máa yọ nínú owó kòkó ọdọọdún fún ọmọ tó bá gbé ẹ̀bùn wá sílé ayé. Orí ti ṣe tiẹ̀, ó ku tiwa.