Ọ̀kan Tó Ṣẹ́ Kù

Mọ́kànlá péré ni wá. Nígbà tí mo yọjú sí kíláàsì láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ yẹn ní 1988, mo rò pé mo ti pẹ́ dé ni, pé àwọn èèyàn ti tú ká. Àṣé gbogbo ẹni tó wá kàwé gboyè nínú ìṣirò lọ́dún náà ló jókòó síbẹ̀ yẹn: ọkùnrin mẹ́jọ, obìnrin mẹ́ta. Àga ibẹ̀ pọ̀ jù wá lọ.

Kí n má purọ́, kì í ṣe ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo fẹ́ kọ́, yunifásítì ńlá ni mo sì kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Máàkì mi ni kò tó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó so mọ́ yunifásítì ló gbà mí: kọ́lẹ́ẹ̀jì ni yóò kọ́ wa, yunifásítì ni yóò fún wa ní ìwé-ẹ̀rí. Nílé wa, ọ̀rọ̀ yìí kò yé ẹnikẹ́ni. "Ṣé yunifásítì ni àbí kọ́lẹ́ẹ̀jì?" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú àlejò, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni mo sì fi ọ̀rọ̀ há ẹnu.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìṣirò gbà wọ ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, University College ló ń jẹ́. Ìwé-ẹ̀rí London ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń gbà títí di 1962 tó fi dá dúró. Fourah Bay ní Freetown ti wà bẹ́ẹ̀ ṣáájú, abẹ́ Durham ló wà láti 1876. Fourah Bay yìí ni Adegoke Olubummo, ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì, ti kàwé kó tó lọ gba PhD nínú ìṣirò ní 1955, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Chike Obi ti gba tirẹ̀, òun tó kọ́kọ́ gbà á nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Grace Alele-Williams náà, Ìbàdàn ìgbà tó ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti kọ́ ìṣirò. Ká ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì wà láyé ni, ǹ bá jókòó tì í, kí n máa ka orúkọ wọn sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Nítorí-Kí-Ni la sọ olùkọ́ wa. Ohunkóhun tí o bá sọ, ìbéèrè tí yóò fi dá ọ lóhùn nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó ní kí n bọ́ síwájú.

"Nọ́ńbà kan wà tí a to ní méjì-méjì, tí ọ̀kan ṣẹ́ kù. Òmíràn wà tó rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá ro àwọn méjèèjì pọ̀, kò sí èyí tí yóò ṣẹ́ kù mọ́. Fi hàn wá pé òótọ́ ni."

Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín. Ṣé ohun tí mo ti mọ̀ láti pírámárì nìyí? Mo kọ 3 + 5 = 8. Mo kọ 7 + 9 = 16. Mo kọ 21 + 33 = 54. Mo kọ ọ́ títí ṣọ́ọ̀kì fi bò mí lápá, tí kò sí àyè lórí bọ́ọ̀dù mọ́.

"O ti ṣe tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mélòó ló kù tí o kò tíì kọ?"

Bọ́ọ̀dù ti kún, n kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà láàárín wa tó ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́jọ kó tó wá, abiyamọ ni. Àǹtí la máa ń pè é. Ó dìde níbi tó wà, kò tilẹ̀ gba ṣọ́ọ̀kì. Yorùbá ló fi sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ ká to ti àkọ́kọ́ ní méjì-méjì, sà. Ẹnì kan á dá dúró. Ẹ to ti ìkejì náà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á tún dá dúró. Kí àwọn méjèèjì tó dá dúró yẹn wá di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ó parí, sà."

Kò dárúkọ nọ́ńbà kankan, ìdí nìyẹn tó fi kan gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà la wá fi lẹ́tà kọ ọ́ bí ìwé ṣe ń kọ ọ́: (2m + 1) + (2n + 1) = 2(m + n + 1). Ṣùgbọ́n títí di òní, tí mo bá rí 1 tó gbẹ̀yìn nínú àkámọ́ yẹn, àwọn méjì tó di ara wọn lọ́wọ́ mú ni mò ń rí.

Nínú kíláàsì ọọ́dúnrún èèyàn, ǹ bá ti forí pamọ́ sẹ́yìn. Níbí, Bàbá mọ ìwé kíkọ oníkálukú wa; tí o bá da iṣẹ́ kọ, ó mọ ẹni tí o wò. Ó tó oṣù méjì kí n tó lè sọ pé "kò yé mi, sà" láì tẹjú mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ limit ló fipá mú mi sọ ọ́. Bàbá ní, bí ó ti wù kí ẹlòmíràn ní òun fẹ́ kí ìdáhùn súnmọ́ tó, ìwọ náà gbọ́dọ̀ lè wá ibi tí wàá dúró sí tí yóò fi súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi wá yí i po: mo ní ibì kan wà tí mo lè dúró sí tí yóò bá ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ mu. Mo rò pé ọ̀kan náà ni.

"Gbogbo ọmọ ló ní ìyá," ni Bàbá wí. "Òótọ́ àbí irọ́?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Ìyá kan wà tó bí gbogbo ọmọ."

N kò dáhùn. Àǹtí ló bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń yin ilé-ìwé kékeré bí ẹni pé ọ̀run ni, wọn kò tíì fi èèyàn mọ́kànlá ka ìwé ẹyọ kan. Pẹpẹ kan ṣoṣo ni ìwé ìṣirò ní láíbìrì wa. Láàárín sáà kejì, olùkọ́ wa kan bá ti Sáúdí lọ, kò sì sẹ́ni tó gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwa fúnra wa la ń kọ́ ara wa lálaalẹ́ pẹ̀lú àtùpà, Àǹtí níwájú. Ìyà ni, n kò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ sílé, mo bá ìyá mi nídìí èlùbọ́ rẹ̀. Bí ìyá mi bá ń ka owó tó dé márùndínláàádọ́ta, ogún lọ́nà mẹ́ta ló wà nínú ohun tó pè yẹn, tí a yọ ẹ̀wá, tí a tún yọ márùn-ún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ìṣirò lòun ń ṣe. Ó ní kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ wa. Mo ṣa ẹ̀pà méje sí apá kan, mẹ́sàn-án sí apá kejì, mo tò wọ́n ní méjì-méjì, mo sì sún àwọn méjì tó dá dúró mọ́ ara wọn.

"Ohun tí mò ń san owó lé lórí nìyẹn?"

"Ẹ dúró ná, Màámi, kò tíì..."

"Tó bá wá jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta ńkọ́? Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Mo na ọwọ́ sí ẹ̀pà láti to ọ̀nà kẹta. Ó ti mú ẹyọ kan níbẹ̀.

"Ọ̀kan á kù," ó ní. Ó jù ú sẹ́nu, ó sì gbé kọ́ńgò rẹ̀.