Agogo Ń Wá Ọwọ́

BÀBÁ ALÁGOGO: Dúpẹ́, kú àbọ̀ o. Wọ́n ní o di alágogo ṣọ́ọ̀ṣì nílùú òyìnbó. Àbí irọ́ ni wọ́n pa?

DÚPẸ́: Ẹ kú ilé, Bàbá. Òótọ́ ni, sà. Ní abúlé kan ní Kent.

BÀBÁ: Ìwọ obìnrin?

DÚPẸ́: Ọmọ ọdún méjìlá wà láàárín wa, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe agbára, ọgbọ́n ọwọ́ ni.

BÀBÁ: Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fa okùn yìí. Ọgbọ́n wo ló wà níbẹ̀?

DÚPẸ́: Tiyín ń mì síwá sẹ́yìn ni. Tiwọn, ara àgbá kẹ̀kẹ́ ràbàtà ló wà. Ẹnu agogo á kọ́kọ́ kọjú sókè. Tẹ́ ẹ bá fa okùn, á yí po, á tún kọjú sókè padà. Níbi tí a ti ń di okùn mú, irun àgùntàn pupa àti funfun ni wọ́n fi ṣe é, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí òwú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo di okùn mú tipẹ́tipẹ́ nígbà tó ń gòkè. Ẹsẹ̀ mi ti ń kúrò nílẹ̀ kí olùkọ́ mi tó kígbe pé, “Jẹ́ kó lọ!”

BÀBÁ: Ò bá ti di ẹyẹ! Agogo mélòó ni?

DÚPẸ́: Mẹ́fà, ẹnì kan sí okùn kan. A kì í lu orin. Ipò ni àwọn agogo ń bára wọn pààrọ̀. Mẹ́fà lè tò lọ́nà 720 láìtún ọ̀kan lù lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́jọ lè tò lọ́nà 40,320. Àwọn alágogo mẹ́jọ kan lu gbogbo ẹ̀ tán nílùú Loughborough lọ́dún 1963. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí 18.

BÀBÁ: Ta ló fẹ́ kọ́ irú ìyẹn láyé fóònù yìí?

DÚPẸ́: Ìṣòro wọn gan-an nìyẹn. Agogo wà, ọwọ́ ni kò tó. Lọ́dún 2018, tó pé 100 ọdún tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí, wọ́n rántí nǹkan bí 1,400 alágogo tí ogun náà pa. Wọ́n wá ké sáráyé pé àwọn ń wá 1,400 ẹni tuntun tó máa dúró nídìí okùn wọn. Ẹni tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá wá. Nígbà tí Ọba Charles fẹ́ dádé lọ́dún 2023, wọ́n tún ké sí àwọn ẹni tuntun.

BÀBÁ: Bí ayẹyẹ bá tán ńkọ́?

DÚPẸ́: Àwọn kan á lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin mẹ́fà lẹ wà, tí o ò wá lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tá a máa ń pàdé, okùn rẹ á kàn ṣe jọ̀ọ̀ níbẹ̀ ni. Wọ́n á pè ọ́, wọ́n á béèrè àlàáfíà rẹ. Àdúgbò tí mò ń gbé, ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ mi. Nídìí agogo ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Modúpẹ́.

BÀBÁ: Àwọn ọmọ tiwa ni ò wá.

DÚPẸ́: A wá, Bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo fọwọ́ kan okùn yìí. Ẹ sì fi pàṣán lé mi.

BÀBÁ: Háà… Mo ní agogo Ọlọ́run kì í ṣe ohun ìṣeré ni.

DÚPẸ́: Mo mọ̀, sà. Ta wá ni èyí tó ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn látàárọ̀?

BÀBÁ: Ọmọ ọmọ mi ni. Ìwọ ọmọ yìí! Má sá. Wá. Di ibí yìí mú. Rọra… Tó bá ń gòkè, jẹ́ kó lọ.